Òpó Tẹlifóònù Tí A Ṣí Sílẹ̀, àti Ìpín Tí Ó Kan Olúkúlùkù

Ọ̀rọ̀ fún àwọn ará Ìlọrin àti gbogbo Ìpínlẹ̀ Kwara

Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin àáfáà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kan gbogbo ilé.

Kò sí ọjà ńlá kan ní Ìlọrin lónìí, ìbáà ṣe Ọjà Ọba tàbí Ìpàta, tí a kì í ti fi tẹlifóònù gba owó. Ẹni tí ó ra ẹran a fi owó ránṣẹ́ láti inú báńkì rẹ̀. Ẹni tí ó ta ẹran a dúró títí ìròyìn owó náà yóò fi wọlé kí ó tó jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ lọ. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń ṣe ségesège, àwọn méjèèjì a dúró ti ara wọn nínú oòrùn, ìfura a sì wọ àárín wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke ń fi fóònù ka ìwé. Aláìsàn ń fi í pe dókítà. Àgbẹ̀ ní Patigi tàbí Kaiama ń fi í bèèrè iye tí ìrẹsì tàbí iṣu ń lọ nígboro kí ó tó di ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Nítorí náà, bí a ṣe ń kọ́ òpó tẹlifóònù, àti bí a ṣe ń pín agbára rẹ̀, ti kúrò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi sílẹ̀ fún àwọn ẹnjiníà nìkan.

Ohun tuntun méjì ni ó ń yí iṣẹ́ yìí padà káàkiri ayé. Èkíní ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Open RAN. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀yà ara òpó tẹlifóònù di ohun tí a lè rà lọ́wọ́ oríṣiríṣi oníṣẹ́, kí a sì so wọ́n pọ̀ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Èkejì ni network slicing, èyí tí í ṣe pé kí nẹ́tíwọ̀kì kan ṣoṣo di pípín sí abala-abala, kí abala kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tí a yàn fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń yin àwọn nǹkan méjèèjì yìí. Ìyìn náà tọ́ sí wọn dé àyè kan. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ará ìlú mọ ohun tí wọ́n lè ṣe àti ohun tí wọn kò lè ṣe, nítorí pé ẹni tí kò mọ bí a ṣe pín oúnjẹ kò lè mọ̀ bí ìpín tirẹ̀ bá dín.

IBI TÍ A TI Ń BỌ̀

Nígbà tí ọdún 2001 bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 400,000 ìlà tẹlifóònù péré ni ilé-iṣẹ́ NITEL ní fún gbogbo Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè náà ti ju 100 mílíọ̀nù lọ. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni Àjọ NCC, tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ta àṣẹ GSM ní gbàǹjo. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, ilé-iṣẹ́ Econet àti MTN ti ń ta ìlà fún ará ìlú. Globacom dé ní ọdún 2003, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan dípò ìṣẹ́jú odindi. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ náà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2025, ìlà tí ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ti ju 150 mílíọ̀nù lọ.

Ìdíje ni ó mú owó tẹlifóònù wálẹ̀ nígbà náà. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń tà á, olówó àti ilé-iṣẹ́ ìjọba ni ó ń rí i rà. Nígbà tí àwọn tí ń tà á di púpọ̀, ó dé ọwọ́ aláàárù. Ohun tí Open RAN ń lépa ni pé kí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ wọ inú òpó fúnra rẹ̀, níbi tí kò tíì dé.

Ní ti 5G, tí í ṣe ìran karùn-ún tẹlifóònù alágbèéká, ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2021 ni Àjọ NCC ta ìgbì afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní gbàǹjo. MTN àti Mafab Communications ni ó rà á, olúkúlùkù wọn sì san 273.6 mílíọ̀nù dọ́là. MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 2022. Mafab àti Airtel tẹ̀lé e ní ọdún 2023. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀, ìlà tí ó wà lórí 5G kò tó 5 nínú 100 ní gbogbo Nàìjíríà. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ wà lórí 4G àti lórí 2G ti àtijọ́. Ó dára kí a rántí èyí bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE Ń RÌN LÁTI ẸNU DÉ ETÍ

Nígbà tí ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ Òkè Sóbì bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀fà, fóònù rẹ̀ a sọ ohùn rẹ̀ di ìgbì tí ojú kò rí, a sì ta á sí òpó tí ó súnmọ́ ọn. Lókè òpó náà ni éríà wà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń gba ìgbì sílẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ni àpótí kan wà tí ó jẹ́ ọpọlọ ibẹ̀: òun ni ó ń túmọ̀ ìgbì, òun ni ó sì ń pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àti ìwọ̀n àyè tí yóò gbà. Láti ibẹ̀, okùn fáíbà tàbí àwo ìgbì tí ó kọjú sí òpó mìíràn a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí àárín gbùngbùn nẹ́tíwọ̀kì. Níbẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ti mọ ẹni tí ó ni ìlà, iye owó tí ó kù lórí rẹ̀, àti ibi tí ẹni tí ó ń pè wà. Òpó, éríà orí rẹ̀ àti àpótí ìdí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní RAN. Òun ni ó gba owó jù nínú gbogbo nẹ́tíwọ̀kì, nítorí pé òpó gbọ́dọ̀ wà níbi gbogbo tí ènìyàn bá wà.

Fóònù tí a rà lọ́jà, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó ṣe é, a máa bá òpó MTN, Airtel tàbí Globacom sọ̀rọ̀ láìsí wàhálà. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo ayé ti fohùn ṣọ̀kan lórí èdè tí fóònù àti òpó yóò máa bá ara wọn sọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn éríà, ìfohùnṣọ̀kan náà dópin. Ẹ̀rọ tí ó wà lókè àti àpótí tí ó wà nísàlẹ̀ ń sọ èdè ìkọ̀kọ̀ ti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n. Bí Ericsson bá ṣe ti òkè, Ericsson náà ni yóò ṣe ti ìsàlẹ̀. Bákan náà ni ti Huawei, ti Nokia àti ti ZTE. Ẹni tí ó ra ìkòkò lọ́wọ́ amọ̀kòkò kan ti sọ ọ́ di dandan fún ara rẹ̀ láti máa ra ìdérí lọ́wọ́ ẹni náà. Bí iye rẹ̀ bá gun òkè, yóò rà á bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba ilẹ̀ kan bá sì fòfin de oníṣẹ́ náà, bí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ní oṣù keje ọdún 2020 nígbà tí ó pàṣẹ pé kí a yọ ẹ̀rọ Huawei kúrò nínú 5G ibẹ̀ kí ọdún 2027 tó parí, odidi òpó ni yóò di yíyọ.

Ẹ̀KỌ́ OJÚ IRIN

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ìlọrin ti jẹ àǹfààní ìwọ̀n kan náà. Ojú irin láti Èkó dé Ìlọrin ní ọdún 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní ọdún 1909. Ní àkókò yẹn gan-an ni ìjọba Àríwá ń la ojú irin tirẹ̀ láti Bárò lọ sí Kánò. Ìjọba méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6, ni a fi sí àárín irin méjèèjì. Nítorí èyí, nígbà tí ojú irin méjèèjì pàdé ní Mínà, tí afárá Jẹ́bà sì parí, ọkọ̀ tí ó ru ẹ̀pà láti Kánò lè gba Ìlọrin kọjá dé etí òkun ní Èkó láìsọ ẹrù kalẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ojú irin tuntun láàárín Èkó àti Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 2021, fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Mílímítà 1,435 ni àárín rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó gba Ìlọrin kọjá jẹ́ mílímítà 1,067. Àwọn méjèèjì dára fún ẹrù àti èrò, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ọ̀kan kò lè gun orí èkejì. Ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀ ní gbangba, tí gbogbo oníṣẹ́ sì tẹ̀lé, ni ó ń sọ iṣẹ́ púpọ̀ di ọ̀nà kan. Ohun tí àwọn tí ó dá Open RAN sílẹ̀ rò nìyẹn.

OHUN TÍ OPEN RAN JẸ́

Ní oṣù kejì ọdún 2018 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù márùn-ún, AT&T ti Amẹ́ríkà, China Mobile, Deutsche Telekom ti Jámánì, NTT DOCOMO ti Japan àti Orange ti ilẹ̀ Faransé, dá ẹgbẹ́ O-RAN Alliance sílẹ̀ láti kọ ìwọ̀n náà. Wọ́n pín iṣẹ́ òpó sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni RU, tí í ṣe ẹ̀rọ orí òpó tí ń gba ìgbì. Èkejì ni DU, tí ń ṣe iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ falẹ̀ rárá. Nítorí náà kì í sábà jìnnà ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ sí òpó. Ẹ̀kẹta ni CU, tí ń ṣe iṣẹ́ tí ó lè dúró díẹ̀, tí ó sì lè bójú tó òpó púpọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. DU àti CU kò ní láti jẹ́ àpótí àkànṣe mọ́. Sọ́fítíwià ni wọ́n, wọ́n sì lè jókòó sórí kọ̀ǹpútà irú èyí tí ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí lè rà lọ́jà.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi alábòójútó kan kún un tí wọ́n ń pè ní RIC. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo bí èrò ti pọ̀ tó lórí òpó kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa tún ètò ṣe. Apá kan rẹ̀ ń ṣe ìpinnu tí kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Apá kejì ń ṣe èyí tí ó gba àkókò jù bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bí a ti ń kọ sọ́fítíwià, tí ó sì tẹ̀lé ìwọ̀n tí a tẹ̀ jáde, lè kọ ètò tí yóò máa ṣiṣẹ́ nínú alábòójútó yìí. Ní ayé àtijọ́, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe òpó nìkan ni ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì mọ́ ọmọ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni àwọn àgbà wí. Áfíríkà ti ń gbìyànjú ọ̀nà yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, MTN kéde ní Amsterdam pé òun yóò lo irú ẹ̀rọ yìí láti kọ́ ibùdó tí ó ju 5,000 lọ sí àwọn ìgbèríko ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ó dárúkọ ilé-iṣẹ́ márùn-ún tí yóò bá a ṣe é: Altiostar, Mavenir, Parallel Wireless, Tech Mahindra àti Voyage. Ó nídìí tí ó fi jẹ́ ìgbèríko ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Òpó ńlá tí ó ní jẹnẹrétọ̀ àti epo dísù kò lè pa owó rẹ̀ wọlé ní abúlé tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí iná oòrùn àti bátìrì tó fún, tí a sì ra ẹ̀yà rẹ̀ ní iye tí kò ga, lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí kan Baruten, Kaiama, Patigi àti Edu tààrà, níbi tí abúlé kan ti jìnnà sí èkejì.

ÌṢÒRO TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí fún yín pé ṣíṣí òpó sílẹ̀ nìkan ti tó. Nígbà tí oníṣẹ́ kan ṣoṣo bá kọ́ gbogbo òpó, ẹnì kan náà ni a ó ké sí bí ó bá bàjẹ́. Nígbà tí ó bá di oníṣẹ́ mẹ́rin, olúkúlùkù lè máa na ìka sí ẹnìkejì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí ó bá yan ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ ní àwọn ẹnjiníà tirẹ̀ tí ó lè mọ ibi tí àìsàn wà. Kọ̀ǹpútà ọjà sì lè jẹ iná ju àpótí àkànṣe lọ fún iṣẹ́ kan náà; ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí ní ilẹ̀ tí epo dísù ń gbé òpó ró.

Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá náà ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, Rakuten Mobile bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Japan pẹ̀lú nẹ́tíwọ̀kì tí a kọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Vodafone tan òpó Open RAN rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí AT&T, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, fẹ́ ra ẹ̀rọ tirẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Ericsson ni ó gbé iṣẹ́ náà fún, ní iye tí ó lè súnmọ́ 14 bílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún márùn-ún. Ìwọ̀n gbangba ni wọ́n ní àwọn yóò tẹ̀lé, ṣùgbọ́n ọwọ́ oníṣẹ́ àtijọ́ kan ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ náà bọ́ sí. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí kì í fipá mú ẹnikẹ́ni jáde. Bí Nàìjíríà bá fẹ́ kí ìdíje wọ inú òpó, àwọn tí ń rà á ni yóò fi ọwọ́ ara wọn mú un wọlé.

AṢỌ KAN, AWẸ́ PÚPỌ̀

Ní ti pípín nẹ́tíwọ̀kì sí abala, àwọn ahunṣọ Ìlọrin ní àpẹẹrẹ rẹ̀ nílé. A kì í hun aṣọ òfì ní fífẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun, a ó sì rán wọn pọ̀ di aṣọ ńlá. Awẹ́ kan lè jẹ́ pupa, kí èkejì jẹ́ aró. Síbẹ̀ aṣọ kan ni ẹni tí ó wọ̀ ọ́ wọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú 5G. Òpó kan ni, ìgbì kan ni, okùn fáíbà kan ni. Ṣùgbọ́n sọ́fítíwià pín in sí abala tí ó dàbí ẹni pé nẹ́tíwọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹgbẹ́ 3GPP, tí ń kọ ìwọ̀n tẹlifóònù alágbèéká fún gbogbo ayé, fi èyí sínú ìlànà 5G àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 2018. Fóònù kan ṣoṣo lè wà lórí abala tí ó tó mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Oríṣi mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù. Èkíní wà fún dátà púpọ̀, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo ẹ̀kọ́ tàbí tí ilé fi ń wo àwòrán. Èkejì wà fún iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ falẹ̀: dókítà ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Ọ̀sẹ̀ lè máa wo bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù nígbà tí ọkọ̀ tí ó gbé e ṣì wà lójú ọ̀nà láti Jẹ́bà. Ẹ̀kẹta wà fún ẹ̀rọ kéékèèké tí ó pọ̀ bí eṣú, tí ọ̀rọ̀ wọn kò sì ju gbólóhùn kan lọ: ẹ̀rọ tí a rì sínú oko láti sọ bí ilẹ̀ ti tutù tó, irú èyí tí yóò wúlò fún iṣẹ́ tí ibùdó ìwádìí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdófìàn ń ṣe. Ohun tí àwọn tí ó kọ ìlànà 5G ń lépa ni pé kí ẹ̀rọ tí ó tó mílíọ̀nù kan lè sọ̀rọ̀ láàárín kìlómítà kan níbùú àti lóòró.

Kì í ṣe gbogbo 5G ni ó lè ṣe èyí. Èyí tí ó ṣì fara ti àárín gbùngbùn 4G kò lè pín ara rẹ̀ ní kíkún. Ó gbọ́dọ̀ ní àárín gbùngbùn tirẹ̀. Orí òpó sì ni ìlérí abala kọ̀ọ̀kan ti máa ń yẹ̀ tàbí kí ó ṣẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni àyè ti há jù. Ibẹ̀ ni nǹkan tuntun méjèèjì ti pàdé: alábòójútó Open RAN ni ó lè máa wò ó ní ìṣẹ́jú àáyá dé ìṣẹ́jú àáyá pé abala tí a ṣèlérí fún ilé ìwòsàn kò di ti ẹlòmíràn.

ÌPÍN TA NI YÓÒ DÍN?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀. Ahunṣọ kò lè hun ju òwú tí ó ní lọ. Ìgbì afẹ́fẹ́ ni òwú nẹ́tíwọ̀kì, ó sì ní ìwọ̀n. Ohun tí a bá yà sọ́tọ̀ fún ẹnì kan, lára ti gbogbo ènìyàn ni a ti mú un. Ní ọjọ́ ọdún Iléyá, nígbà tí àwọn ọmọ Ìlọrin bá ti Èkó, Àbújá àti òkèèrè wọlé dé, tí olúkúlùkù sì ń pe ẹbí, òpó a kún dẹ́nu. Bí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù bá ti ta abala ńlá fún báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ ọlọ́rọ̀, tí ó sì tì í pa, àlàpà ni yóò kù fún ìyá tí ń ta ata. Owó tí òun san fún dátà kò dín. Ohun tí ó rí gbà ni ó dín, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un.

Àtúnṣe rẹ̀ kò kọjá agbára ènìyàn. Sọ́fítíwià lè jẹ́ kí abala tí a yà sọ́tọ̀ máa padà sọ́wọ́ gbogbo ènìyàn nígbà tí ẹni tí ó ni ín kò bá lò ó. Ó sì lè fi òdiwọ̀n lélẹ̀ tí ti ará ìlú kò gbọdọ̀ fi dín sí i. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé a lè ta iṣẹ́ àkànṣe lórí nẹ́tíwọ̀kì, bí àyè bá tó, tí kò sì ba íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ènìyàn ń lò jẹ́. Ní Nàìjíríà, Àjọ NCC ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ náà fọwọ́ sí i pé kí owó tẹlifóònù lè gun òkè dé ìdá 50 nínú 100. Ẹni tí owó rẹ̀ gun òkè bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè bí a ṣe ń pín ohun tí ó rà. Ìgbà tí abala kò tíì di títà káàkiri ni ó yẹ kí òfin rẹ̀ dúró, nítorí pé ó ṣòro láti gba àwo padà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ń jẹun nínú rẹ̀.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍ ỌWỌ́ KWARA

Ìpínlẹ̀ yìí kò jókòó lásán. Lábẹ́ ìjọba Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019, Kwara sọ owó tí ilé-iṣẹ́ ń san kí ó tó gbẹ́ ilẹ̀ sin okùn fáíbà di náírà kan fún kìlómítà kan. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ojú ti rí i lọ. Òpó tí a ṣí sílẹ̀, tí a sì pín dáradára, kò wúlò bí kò bá sí okùn tí yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò láti ri okùn fáíbà 90,000 kìlómítà mìíràn mọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣojú Kwara rí i pé àríwá ìpínlẹ̀ yìí kò sí lẹ́yìn nínú rẹ̀.

Ìmọ̀ náà kò jìnnà. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sì ti fi ẹsẹ̀ wọn rìn ká Ìlọrin àti àgbègbè rẹ̀ láti wọn bí ìgbì tẹlifíṣọ̀n ṣe ń rìn láàárín ilé àti òkè. Kwara Polytechnic wà nílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti IHS Nigeria, tí ó ni òpó tẹlifóònù púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, ti kọ́ Ilorin Innovation Hub fún àwọn ọ̀dọ́. Ohun tí ó kù ni kí a fi òpó ìdánwò síwájú àwọn ọmọ yìí, kí wọ́n máa tú u, kí wọ́n máa tò ó, kí wọ́n sì máa kọ sọ́fítíwià rẹ̀. Bí a kò bá ṣe èyí, a ó kàn pààrọ̀ oníṣẹ́ òkèèrè kan fún mẹ́rin ni.

Iṣẹ́ ti ará ìlú náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àṣẹ tí ó sọ òpó tẹlifóònù àti okùn fáíbà di ohun ìní pàtàkì orílẹ̀-èdè, tí ẹni tí ó bá bà á jẹ́ yóò fojú winá òfin. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró ní ìdí òpó kọ̀ọ̀kan lóru. Ẹni tí ó jí bátìrì òpó tàbí tí ó fa epo dísù rẹ̀, ohùn abúlé odindi ni ó jí. Kọńtírakítọ̀ tí ó ń gbẹ́ kòtò ojú títì láìbèèrè ibi tí okùn gbà lè dá báńkì, ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ dúró ní ọjọ́ kan náà. Kí baálẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò máa ṣọ́ ohun tí ó wà ní àgbègbè wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn Kwara, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé òpó tuntun ń bọ̀ ní àdúgbò yín, ẹ má ṣe bèèrè bí ó ti ga tó nìkan. Ẹ bèèrè ẹni tí ó lè tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, àti bí ọmọ yín bá wà lára wọn. Ẹ bèèrè ohun tí yóò máa fún un ní iná. Ẹ bèèrè abala tí a yà sọ́tọ̀ lórí rẹ̀, ẹni tí a yà á sọ́tọ̀ fún, àti ìwọ̀n tí a fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Kí àwọn aṣòfin bèèrè rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀, kí àwọn olórí ọjà bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ẹnu tí kò bèèrè ni wọ́n ń fi ìpín rẹ̀ ṣàánú ẹlòmíràn.